Àgbà Olórin Ò Tíì Kú, Rédíò Ló Ń Ṣe Bíi Pé Ó Ti Kú

Mo fún ilé iṣẹ́ rédíò yìí ní ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀kan jẹ́ ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tó máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀, ọkùnrin kan tó mọ gbogbo ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa ń ba sí ní Houston, tí kì í sì í pariwo léni lórí. Ìkejì jẹ́ ti bí wọ́n ṣe máa ń dún: láti Katy títí dé Baytown, ohùn wọn mọ́, kì í gbọ̀n, kì í ha. Orin ló gba 3 tó kù lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ orin ni iṣẹ́ wọn.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo ń torí rẹ̀ bínú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò bíi tiwọn ló ń ṣe é káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń gbé ní Dallas tàbí Atlanta á dá èyí tó wà nílùú tirẹ̀ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́: Rolling Stones, Led Zeppelin, AC/DC, Tom Petty, Bruce Springsteen, Eagles, àti ZZ Top tí í ṣe ọmọ Houston níbí. Orúkọ àwọn àgbà yìí ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bá ṣe orin tuntun lọ́dún yìí, ẹ ò ní gbọ́ ọ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé àwọn aláìsàn ni mo ti ń tọ́jú wọn, nítorí náà inú ọkọ̀ ni mo máa ń wà lójú ọjọ́: Alief láàárọ̀, Bellaire lọ́sàn-án, kí n tó gba Beltway 8 lọ sí Pasadena, níbi tí àwọn ilé ìfọpo ti ń yọ èéfín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bi mí pé kí ni ọmọ Ìbàdàn ń wá nínú orin òyìnbó onígìtá. Ní ilé wa ní Mọ́kọ́lá, bàbá kékeré mi ní àwo àkọ́kọ́ tí Santana ṣe ní 1969. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Jingo". Babatunde Olatunji ló ni orin yẹn, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, tó gbé ìlù wa dé New York tó sì fi di olókìkí níbẹ̀. Carlos Santana gbọ́ ọ, ó fi gìtá tirẹ̀ sí i. Kí n tó mọ̀ pé rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, mo ti ń jó o nínú pálọ̀. Bàbá kékeré yìí kan náà ló sọ fún wa pé Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí Apapa ní 1973, tó wá ká àwo Band on the Run sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI, tí àwọn olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lóru, tí wọ́n sì kó téèpù orin tó gbé wá lọ. Mi ò mọ̀ wọ́n sí àjèjì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí rédíò náà ṣe ń lọ. Stones ti ń ṣe àwo láti 1964. Orin wọn tí rédíò yìí máa ń fi sí, mo lè ka gbogbo wọn tán lórí ìka ọwọ́ mi. Ti Petty kò tó bẹ́ẹ̀. Ti Springsteen, ọdún 1984 ni wọ́n jókòó tì. Lẹ́yìn oṣù kan tí ẹ bá ti ń gbọ́ wọn, ẹ ó ti mọ orin tó kàn kí èyí tó wà lórí afẹ́fẹ́ tó parí. Mi ò sọ pé àwọn orin náà ò dára o. Wọ́n dára gan-an. Mo ṣì máa ń gbé ohùn sókè bí "Gimme Shelter" ti Stones bá bẹ̀rẹ̀, pàápàá ibi tí Merry Clayton, obìnrin tó bá wọn kọ ọ́, ti figbe ta. Ṣùgbọ́n Mick Jagger tó kọ orin yẹn ní 1969 ṣì wà láyé, ó ṣì ń kọrin, ó sì ní ohun tó fẹ́ sọ nísinsìnyí tó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Èmi fẹ́ gbọ́ ìyẹn náà.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Rolling Stones wá síbí. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n gbé Hackney Diamonds jáde, àwo orin tuntun tiwọn àkọ́kọ́ láti 2005. Ọdún 18! Charlie Watts, onílù wọn, ti kú ní 2021, ṣùgbọ́n ìlù tó ti lù sílẹ̀ wà nínú méjì lára àwọn orin náà. McCartney ta gìtá béèsì fún wọn nínú ọ̀kan. Stevie Wonder àti Lady Gaga wà níbẹ̀. Ó gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba, ó sì tún gba Grammy àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù lọ ní 2025. Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò láti kọ àwọn orin náà káàkiri Amẹ́ríkà, Houston ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní pápá NRG, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2024.

Rédíò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lé e. Wọ́n ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ta àwọn olùgbọ́ lọ́rẹ láràárọ̀. Wọ́n ń sọ ọjọ́ orí Mick Jagger bí ẹni ń ka oríkì. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ pàdánù rẹ̀, pé ó lè má sí irú rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, orin wo ni wọ́n máa fi sí? "Start Me Up", 1981. Lọ́jọ́ kejì, "Start Me Up". Wọ́n ti fi "Angry", orin tuntun tó ṣíwájú àwo náà, sí i fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Ìrìn àjò tí wọ́n ń polówó, orúkọ àwo tuntun náà ló ń jẹ́: Hackney Diamonds. Wọ́n ń pe orúkọ àwo náà lójoojúmọ́, ẹyọ orin kan látinú rẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kí a gbọ́.

Mo lọ. Ọkọ mi ò fẹ́ wá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la lọ. Jagger sáré lórí pèpéle yẹn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, èmi tí mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ẹni 80 ọdún lójoojúmọ́ ò mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn. Wọ́n kọ àwọn orin àtijọ́, wọ́n sì kọ àwọn tuntun. Nígbà tó kan "Sweet Sounds of Heaven", mo rò pé ní Cherubim and Seraphim ni mo wà, duru náà ń gòkè, ń gòkè, ohùn ń lé ohùn. Àwọn tó wà ní ìlà iwájú wa ò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ojú wọn hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó. Obìnrin òyìnbó kan tó jù mí lọ yí sí mi, ó ní, orin wo nìyí? Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, rédíò kan náà ló fi gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó mọ orin tó máa gbọ́.

Ó tún ku ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí ju ti obìnrin náà lọ. Mo ní aláìsàn kan ní apá Pasadena, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfọpo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e jáde mọ́. Rédíò yìí ló máa ń wà ní títàn nínú yàrá rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó mọ Stones ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Ó ti rí wọn nígbà tí òun àti Jagger jọ jẹ́ ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn eré náà, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Nígbà tí mo débi àwọn orin tuntun, ó dá mi dúró. Àwo tuntun wo? Bàbá tó ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ṣe àwo, oṣù 6 sì ti kọjá tó ti jáde. Mo fi fóònù mi gbé orin tó kẹ́yìn àwo náà sí i létí, orin Muddy Waters tí wọ́n ti yọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn, tó jẹ́ pé Jagger àti Keith Richards nìkan ló ṣe é, gìtá, ohùn, àti háámóníkà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un fi sí. Mo pẹ́ dé ilé aláìsàn tó kàn lọ́jọ́ náà, mi ò sì kábàámọ̀.

Ta ló yẹ kí rédíò yẹn wà fún, bí kò bá wà fún bàbá yẹn?

Kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń yan orin, ẹ má bínú sí i. Nígbà kan rí òun ni. Àsìkò kan wà tí ẹni tó ń ṣètò lóru ní rédíò FM lè mú àwo jáde nínú páálí, kó fi sí i nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n á kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú orin kan tó ti lókìkí gbọ́ wọn, wọ́n á ní kí wọ́n sọ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n, bóyá ó ti sú wọn. Orin tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ló máa wọlé. Ẹ wò ó dáadáa: báwo ni orin tó jáde lánàá ṣe fẹ́ yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Orin tuntun ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọn ò tiẹ̀ ní gbé e síwájú àwọn tó ń dánwò náà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Tẹ́lẹ̀, Arbitron, ilé iṣẹ́ tó ń ka iye àwọn tó ń gbọ́ rédíò, máa ń fún àwọn èèyàn níwèé kékeré kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ rédíò tí wọ́n gbọ́ sí i. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan rọ́pò ìwé náà, Philadelphia ló sì kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Houston wa yìí. Èèyàn á fi ẹ̀rọ náà há ìgbànú. Àmì kan wà nínú ohun tí rédíò ń gbé jáde tí etí ọmọ èèyàn ò lè gbọ́. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọ, ó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbà tí ẹni náà débẹ̀ àti ìgbà tó kúrò. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá rédíò ti ń bẹ̀rù ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Orin tí èèyàn ò mọ̀ lè mú kí ọwọ́ kan lọ síbi bọ́tìnì, ọwọ́ kan náà sì lè di owó ìpolówó tó sọnù. Èmi ò bú ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ní kó wọ̀n ló ń wọ̀n. Kò lè wọn ìdùnnú ẹni tó gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀kan, tó dúró sínú ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí orin náà fi parí.

Owó ìpolówó ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn olùpolówó ńlá ń wá ẹni ọdún 25 sí 54. Ẹni tó bá pé 55, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lọ́kọ̀, tó nílé, tó sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ẹni tó gbọ̀wọ́ fún ìrìn àjò Stones ní 2024? AARP ni, ẹgbẹ́ àwọn tó ti lé ní ẹni 50 ọdún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ ibi tí owó wà. Rédíò, tó ń fi orin ìgbà èwe àwọn èèyàn yẹn jẹun, ò mọ̀ ọ́n.

Òfin náà dá sí i. Títí di 1996, ẹnì kan ò lè ní ju rédíò 40 lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún náà, Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tuntun, wọ́n ká òdiwọ̀n yẹn kúrò, ilé iṣẹ́ kan tí olú rẹ̀ wà ní San Antonio níhìn-ín ní Texas, Clear Channel, sì ní rédíò tó lé ní 1,000 láàárín ọdún díẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kan bá ń yan orin fún ìlú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orin tí kò ní dààmú ẹnikẹ́ni ló máa yàn. Tom Petty ṣe odindi àwo lé ọ̀rọ̀ yìí lórí ní 2002, The Last DJ, nípa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kù kan ṣoṣo tó ń fi ohun tó wù ú sí i. Springsteen náà bẹ̀rẹ̀ àwo rẹ̀ ti 2007 pẹ̀lú orin nípa ẹni tó ń yí rédíò kiri lóru tí kò rí ohùn alààyè kankan níbẹ̀. Àwo yẹn gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ni rédíò yìí máa ń fi orin wọn sí lójoojúmọ́. Mi ò gbọ́ èyíkéyìí nínú orin méjèèjì yìí níbẹ̀ rí.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo dúpẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn olùgbọ́ àwọn kì í fẹ́ orin tí wọn ò mọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí i níbi eré: bí àgbà olórin bá ti ní "orin tuntun nìyí", àwọn kan á dìde lọ ra bíà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro ó. "Start Me Up" náà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó jáde. Rédíò ló fi sí i lọ́jọ́ kìíní, tó tún un fi sí lọ́jọ́ kejì, tó fi di orin gbogbo ayé. Rédíò kan náà ló wá ń sọ báyìí pé òun ò lè fi orin tí a ò mọ̀ sí i.

Tó bá sì jẹ́ pé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ lóòótọ́, ta ló ń rà á? Bob Dylan jẹ́ ẹni ọdún 65 nígbà tí àwo rẹ̀, Modern Times, gba ipò kìíní ní 2006 lórí àtẹ Billboard, tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí i láti 1976. Petty ò gba ipò kìíní rí nínú gbogbo ayé rẹ̀ títí di Hypnotic Eye, 2014, ọdún mẹ́ta kó tó kú. McCartney jẹ́ ẹni 76 nígbà tí Egypt Station débẹ̀ ní 2018, ó ti tó ọdún 36 tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. AC/DC débẹ̀ ní 2020. Mi ò rí bí èèyàn ṣe máa wo gbogbo èyí, kó sì ní kò sí ẹni tó fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham fẹ́ràn Cliff Richard bí àwọn ìyá wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló rán mi létí ohun tí Cliff ṣe fún àwọn rédíò Ìlú Ọba ní 1998, tó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti rí orúkọ òun lára àwo wọn ò ní fi sí i. Ó fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ láìkọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀, "Blacknight" ló pe ara rẹ̀. Àwọn rédíò kan gbé e sáfẹ́fẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé Cliff ni. Ohùn yẹn dára létí wọn nígbà tí wọn ò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ rédíò kọ̀ láti fi "The Millennium Prayer" rẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ 3 ló lò ní ipò kìíní.

Santana ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi já mi nírọ́. Lóòótọ́, rédíò fi orin rẹ̀ sí i ní 1999 títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa. "Smooth" lo ọ̀sẹ̀ 12 ní ipò kìíní, Supernatural sì kó Grammy jọ rẹpẹtẹ. Inú mi dùn fún un, ọmọ ilé wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e wọlé: Clive Davis, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, wá àwọn ọ̀dọ́ olórin láti kọrin lé gìtá rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn orin náà. Ẹni 52 ọdún tó ti ṣeré ní Woodstock nílò ọmọdé láti ṣe onídùúró fún un kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí Haruna Ishola gbé Oroki Social Club jáde ní 1971, ó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ta ló ní kó lọ wá ọ̀dọ́ kan tì í kí wọ́n tó fi sí i ní rédíò? Àgbà tó ní ohùn tuntun, ìròyìn ayọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, rédíò AM àti FM kì í san owó fún ẹni tó fi ohùn rẹ̀ kọ orin tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Ẹni tó hun orin náà nìkan ni wọ́n ń san fún. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé àwọn ń polówó olórin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa. Ìpolówó wo wá ni àgbà olórin ń rí, tí wọn ò bá fi ọjà tó ń tà lọ́wọ́ han ẹnikẹ́ni?

Mo ti gbìyànjú sátẹ́láìtì náà, SiriusXM, èyí tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ó sàn ju ti ọ̀fẹ́ lọ dáadáa. Ìkànnì ti Beatles wà níbẹ̀ láti 2017, ti Springsteen wà, ti Petty wà, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ àwọn orin McCartney tó ṣe ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé wọ́n ti ti àgbà kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àgbàlá tirẹ̀. Ẹni tó ti fẹ́ràn Petty tẹ́lẹ̀ ló máa lọ síbẹ̀. Ọmọ mi tó ń wa ọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní ṣèèṣì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìṣèèṣì yẹn ni rédíò fi dùn jù. Fún aláìsàn mi tó ń ṣọ́ owó oògùn, ti ọ̀fẹ́ ló kù.

Ti ọ̀fẹ́ kan sì wà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún: KPFT, 90.1. Àwọn olùgbọ́ ló ń fi owó wọn gbé e dúró láti 1970, ọdún tí àwọn Ku Klux Klan ju bọ́ǹbù sí ilé ẹ̀rọ wọn lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò sì jẹ́ kó pa ẹnu wọn mọ́. Kò sí ìpolówó níbẹ̀, ẹni tó ń ṣètò ló ń yan orin rẹ̀. Àwọn wákàtí kan wà tí kò bá mi lára mu rárá, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ ilé iṣẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Tí wọ́n bá ti fi orin Stones ti 1969 sí i, kí wọ́n fi ti 2023 tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ohùn tí àwọn olùgbọ́ mọ̀ ni wọ́n máa gbọ́, kì í ṣe ti àlejò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ẹ gbọ́ wọn láàárọ̀ nítorí ìròyìn ojú ọ̀nà, wọ́n mọ ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn aago 9, ẹ pa á. Ẹ lọ sí Cactus Music, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àwo orin, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ máa ń fetí sílẹ̀, wọ́n sì máa ń dáhùn láì ṣakọ. Ẹ béèrè Hackney Diamonds. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "Sweet Sounds of Heaven". Ẹ wá béèrè Rough and Rowdy Ways tí Dylan gbé jáde ní 2020. Orin tó kẹ́yìn rẹ̀, "Murder Most Foul", fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 17, lórí bí wọ́n ṣe pa Ààrẹ Kennedy ní Dallas níhìn-ín ní 1963. Ìdajì ìkẹyìn orin náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò àtijọ́ kan, Wolfman Jack, ni Dylan ń bẹ̀ pé kó fi orin sí i: kó fi ti lágbájá sí i, kó fi ti tẹ̀mẹ̀dù sí i, ó ń ka orúkọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń gbọ́ ọ láti Alief lọ sí Pasadena, ó sì máa ń ku ojú ọ̀nà díẹ̀ tó máa gbà mí láyè láti tún un bẹ̀rẹ̀.